Ení fún Mi, Èjì fún Jarlath

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹrin

Fintan mi, ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́rin rèé tí o ti fi mí sílẹ̀. Dervla ọmọ wa ló ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Ó ní nígbàkígbà tí òun bá pè mí láti Toronto, òun máa ń gbọ́ tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ kí n tó gbé fóònù sétí dáadáa. N kò jiyàn. Mo ra ìwé yìí ní yúrò méjì ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ pupa.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé ìdíje ìbò. Àwa mẹ́sàn-án là ń du àga mẹ́rin ti agbègbè Ballyfarna. Nígbà tí káńsù fi mí sórí àga káńsẹ́lọ̀ rẹ nínú oṣù Kẹta, n kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pe orúkọ mi, gbogbo wọn dìde, ó parí. Ní báyìí mo ní láti máa lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, èmi tí ojú máa ń tì láti ní kí wọ́n bá mi dín owó bọ́tà.

O mọ ìdí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì òkè Knockaleen ni. Ní òpin oṣù Kẹfà ni káńsù tuntun máa dìbò bóyá kó máa lọ tàbí kó dúró. Declan Tansey tó ń ta ilé ní ìgboro sọ lórí rédíò láàárọ̀ yìí pé ìnákúnàá ni bọ́ọ̀sì tó ń gbé arúgbó mọ́kànlá wá sí ìlú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí Tansey bá gba àga kan nínú mẹ́rin yẹn, bọ́ọ̀sì ti dúró nìyẹn.

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mo pe ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá bí o ṣe máa ń ṣe, kí awakọ̀ lè mọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́la. Mẹ́jọ ń bọ̀. Bid Tolan béèrè ta ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Má bínú, ọmọ mi. Ohùn rẹ̀ ni mo ń retí."

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹrin

Sonny Feerick wá jókòó sórí àga rẹ, ó rántí, ó sì sún sí òmíràn. Mo ní kó padà síbẹ̀. Ó ti bá ọ ṣọ́ ìbò kíkà fún ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì sí ẹni tí mo tún lè bi léèrè.

"Ó di dandan kó o sọdá odò," ó wí. "Ti Jarlath Noone ni àwọn ará ibẹ̀, òun ni káńsẹ́lọ̀ wọn. Wọn ò ní fún ẹ ní ení, ti ẹni tí wọ́n fẹ́ jù, ṣùgbọ́n tọrọ èjì, ti ẹni tó tẹ̀ lé e."

"Lọ́wọ́ àwọn èèyàn Jarlath?"

"Ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń tọrọ èjì? Ọwọ́ ẹni tí ò ní fún ẹ ní ení náà ni."

"Sonny, ojú yín ni ọkùnrin yẹn ti pe ọkọ mi ní aláìmọ̀kan. Ọdọọdún ló ń pariwo lórí bọ́ọ̀sì wa, pé títì ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Tí wọ́n bá wá ní kí wọ́n nàwọ́ dìbò lórí rẹ̀, á sáré lọ tọ̀. Kò láyà láti gbè wá, kò láyà láti gbógun tì wá."

"Àpò ìtọ̀ rẹ̀ ò lágbára," Sonny wí. Kò wo ojú mi.

Mo sọ fún un pé n kò ní tọrọ èjì lọ́dọ̀ wọn, àti pé àwọn èèyàn wa náà ò ní fún Jarlath ní nǹkan kan. Ení fún mi, kí wọ́n gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ro tíì rẹ̀ títí tíì fi tutù.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Ilé mọ́kàndínlógún lórí Knockaleen. Ẹsẹ̀ mi wú.

Bid ti ṣe búrẹ́dì sílẹ̀ dè mí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó ṣì ń gbé omi fún àgùntàn rẹ̀. Mo fi bí ìwé ìbò á ṣe rí hàn án, pẹ̀lú àwòrán gbogbo wa.

"Ení níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi," mo ní. "Ẹ má kọ nǹkan mìíràn mọ́."

"Kò sí èjì?"

"Kò sí èjì, Bid."

"Mo máa ń kọ èjì nígbà ayé Fintan."

"Fún ta ni?"

Ó wo iná pẹ́. "Mo ti gbàgbé. Ẹni tó bá ní kí n kọ ni."

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Kẹrin

Ilé mẹ́rìnlá. Ajá kan gé mi jẹ lẹ́nu ọ̀nà àwọn Heneghan, bàtà òjò ló gbà mí. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní ení nítorí ajá náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Karùn-ún

A gbé àwòrán mi kọ́ sára àwọn òpó. Igba rẹ̀, yúrò mẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ti dákẹ́ lórí ìyẹn. Ìwọ wà lẹ́yìn ilé nínú àká, ọgbọ̀n àwòrán ìbò rẹ tí o tò jọ, tí o rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹyin. Sonny ní ká so tìrẹ pọ̀ mọ́ tèmi. Mo kọ̀. Mo gbé ọ̀kan wá sínú ilé ṣá, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí àlejò ò ti lè rí i.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Karùn-ún

Jarlath dúró níwájú ilé epo bí mo ṣe ń ra epo. Ó ti rù.

"Ìyàwó Fintan. Ṣé o ti dé òdì kejì odò?"

"Kí ni mo fẹ́ wá níbẹ̀?"

"Kò sí. Wọ́n ní tíì níbẹ̀."

Mo sanwó mo wakọ̀ lọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Karùn-ún

Aṣọ òjò mi ò tíì gbẹ, nítorí náà mo gbé tìrẹ wọ̀. Ìwé pélébé rẹ wà nínú àpò rẹ̀, pẹ̀lú súìtì míńtì méjì tó ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Gbogbo ilé ló wà níbẹ̀, Fintan. Orúkọ, orúkọ ajá, ẹni tí orúnkún ń dùn. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan lórí Knockaleen o kọ ọ́ báyìí: ení F, èjì J. Ojú ewé mọ́kànlélógún. Ení F, èjì J.

Mo wakọ̀ lọ sílé Sonny, mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó wọ dígí, ó bọ́ dígí.

"Ta ni J?"

"O mọ J."

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu."

"Jarlath," ó wí. "Ìdìbò kejì tí Fintan wọlé ni. Ìbò Jarlath ò tó, ìbò Fintan tó lé ju iye tó nílò lọ ni wọ́n fi kún tiẹ̀ tó fi wọlé. Ó wá dúró de Fintan nínú ọkọ̀ lẹ́yìn Mísà. Wọn ò bọwọ́. Wọ́n kàn fẹnu kò sí i. Fintan á máa sọ fáwọn tiẹ̀ pé kí wọ́n fún Jarlath ní èjì, Jarlath á sì ṣe bákan náà lódì kejì odò. Kí àwọn ará ìgboro má bàa kó àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ra wọn ńkọ́?"

"Àwọn ará odò ni Jarlath ń pariwo fún. Wọn ò fẹ́ káńsẹ́lọ̀ tó fẹ́ràn òkè."

"Ìtọ̀ yẹn náà ńkọ́?"

"Attracta, ìbò kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀sì yẹn fi ń yè lọ́dọọdún. Tó bá jókòó, àfi kó nàwọ́ lòdì sí i. Ó ń jáde kí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì lè kọjá ni."

Mo jókòó. Mo bi í pé kí ló dé tí ọkọ mi ò sọ fún mi.

"O máa ń fìbínú dá Jarlath lóhùn níta ṣọ́ọ̀ṣì," Sonny wí. "Gbogbo ayé ń rí i. Fintan nílò ẹnìkan nínú ilé yẹn tó ń bínú sí Jarlath tọkàntọkàn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Karùn-ún

Mo bínú sí ọ lónìí. Mo gbé aṣọ òjò rẹ jù síta. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ mo jáde lọ gbé e wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Karùn-ún

Lẹ́yìn Mísà, Sonny fi ṣúgà onígun to àwọn olùdíje sórí tábìlì mi. Ó ní àga mẹ́ta ti lọ, àwọn méjì tó ní ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn àti ìyàwó dókítà. Ó ku ọ̀kan. Ṣúgà mẹ́ta ló kù, Tansey, Jarlath, èmi. Tansey ló wà níwájú.

"Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì á ṣubú," ó wí. "Wọ́n á kó ìwé ẹni tó bá ṣubú, wọ́n á wo ibi tí èjì rẹ̀ wà, ìwé náà á dìde, á lọ bá onítọ̀hún. Tí èjì bá wà níbẹ̀ ni ṣá o. Tó bá jẹ́ ení nìkan, ó ti kú sórí tábìlì. Tansey á gba orí rẹ̀ kọjá."

"Mo sì ti sọ fún gbogbo òkè pé ení nìkan."

"O ti sọ fún wọn."

"Tí mo bá padà lọ pé kí wọ́n fún Jarlath ní èjì, ṣebí ohun tí mò ń sọ ni pé mo ti ṣubú."

"Àwọn kan á gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ó fi ṣúgà Tansey sínú tíì rẹ̀, ó rò ó. "Ọjọ́ méjìlá ló kù."

N kò lè jẹun. Mo fẹ́ àga yẹn, Fintan. N kò rò pé mo máa fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn kí n dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù rẹ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n àga náà kàn ń ṣe mí bí ẹni pé ó gbé ọ padà wá sílé ni. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé Bid lọ bá dókítà. Mo ti mọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa yí i padà lọ́la ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Karùn-ún

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Ilé méjìlélógún.

Austin Ruttledge wà lórí katakata rẹ̀, ó ń gé koríko kí òjò tó dé. Kò pa ẹ́ńjìnnì. "Lóṣù tó kọjá o ní kí n dúró síbi ení," ó kígbe. "Lónìí ó di èjì. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá ti máa kọ orúkọ àwọn àgùntàn mi síbẹ̀."

"Ení fún mi, èjì fún Jarlath. Ó parí síbẹ̀."

"Ẹ̀rù ti ń bà ọ́, àbí?"

"Ó ń bà mí."

Ó pa ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Ó ní òun á kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ilé ọtí pé èmi, ìyàwó Gilvarry, ti juwọ́ sílẹ̀. Dervla gbọ́ ọ ní Toronto kí n tó gbọ́ ọ níbí.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹfà

Afẹ́fẹ́ líle, àwòrán mi méjìdínlógún ló wà nínú kòtò. Mo padà sọ́dọ̀ Bid kẹ́yìn, nítorí ilé rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Òjò ti wọ inú bàtà mi. Ó bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi fúnra rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá iná.

"O tún gun òkè yìí nítorí Jarlath Noone," ó wí.

"Nítorí bọ́ọ̀sì ni, Bid."

"Àmọ́ òun lo wá tọrọ ìbò fún."

"Òun ni."

Ó mi orí bí ẹni tí ohun kan yé. Mo fi ìwé hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé mẹ́wàá tí n kò lè dé mọ́ ló kù. Mo fi fóònù pè wọ́n, méjì ò gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kẹfà

Ọjọ́ bọ́ọ̀sì ni ìdìbò bọ́ sí. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló bá a wá, pẹ̀lú aṣọ Mísà lọ́rùn. N kò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ ní tòsí ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò, nítorí náà mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. Bid gbé àtàǹpàkò sókè sí mi láti ojú fèrèsé.

Mo dìbò. Mo kọ ení lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Mo mú pẹ́ńsù dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo kọ èjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Jarlath. Mo ju ìwé náà sínú àpótí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹfà

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá, òórùn bàtà ọmọ ilé ìwé. Láti aago mẹ́sàn-án ni Sonny ti fara ti fẹ́ǹsì pẹ̀lú pátákó àti pẹ́ńsù mẹ́ta, ó ń wo ìwé bí àwọn akọ̀wé ṣe ń tú wọn. Mo gbé búrẹ́dì wá, kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí òdì kejì odò, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí.

"Wò ó."

"Kí ni mò ń wò?"

"Má wo ení. Ti Jarlath ni gbogbo ení. Wo èjì."

Mo wo èjì. Èmi ni. Ìwé lẹ́yìn ìwé, ení fún Jarlath, èjì fún mi. Níbi tí n kò tẹsẹ̀ dé rí láyé mi, níbi tí n kò ti mu tíì ẹnikẹ́ni. Ó ti ń tọrọ rẹ̀ fún mi láti ọjọ́ kìíní, lákòókò tí mò ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan. Mo ní láti lọ dúró síta fún ìgbà díẹ̀.

Nǹkan lọ bí Sonny ṣe fi ṣúgà tò ó. Àwọn mẹ́ta yẹn ní iye tó ń gbéni wọlé. Wọ́n yọ àwọn kéékèèké ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé wọn ń ṣí káàkiri. Ní aago márùn-ún ó ku àwa mẹ́ta fún àga kan. Tansey 1,148. Jarlath 874. Èmi 861.

Mẹ́tàlá. Sonny kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí pátákó rẹ̀ bí ẹni pé yóò yí padà.

Jarlath ló wá bá mi. Ó di búrẹ́dì ẹlẹ́ran kan mú tí kò jẹ. "Sọ pé kí wọ́n tún un kà," ó wí. "Mẹ́tàlá ò tó nǹkan."

"Tí wọ́n bá tún un kà tó já sí tèmi ńkọ́?"

"Èmi ni wọ́n á yọ nìyẹn, ìbò mi á gbé ẹ wọlé. O rí i fúnra rẹ."

"Ẹ ò ní bínú?"

"Màá bínú gan-an. Sọ pé kí wọ́n tún un kà."

Wọ́n tún un kà fún wákàtí kan àti ààbọ̀. N kò mọ ibi tí mo gbé ọwọ́ mi sí ní gbogbo àkókò yẹn. Mẹ́tàlá náà ló ṣì jẹ́.

Wọ́n wá kó ìwé tèmi, ìwé tìrẹ, wọ́n pín in. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínlógún lọ bá Jarlath. 187 lọ bá Tansey. 155 ni kò ní èjì. Mo wo àwọn wọ̀nyẹn lórí tábìlì, tí wọ́n fi rọ́bà dì wọ́n pọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́, pé ení nìkan, ti wọ̀ lọ́kàn nìyẹn. Jarlath fi ìbò méjìdínlọ́gọ́ta borí. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbé e lé èjìká, kò jẹ́ kó pẹ́, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀.

Tansey bọ̀ mí lọ́wọ́ dáadáa. Oòrùn ṣì wà níta nígbà tí mo jáde. Sonny sunkún nínú ọkọ̀, ó ní eruku ló kó sójú òun.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kẹfà

N kò lọ sí Mísà. Mo sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹfà

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sókè kí n bá wọn bọ̀, kí n lè dúpẹ́. Bid fi ọwọ́ gbá àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mo ṣe é bó o ṣe fẹ́," ó wí. "Ení fún Jarlath, èjì fún ẹ."

Mo wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

"Ení fún Jarlath, Bid?"

"Àwa mélòó kan jọ sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Mo ní obìnrin tó bá gun òkè yìí nínú òjò lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹnìkan, ẹni yẹn ló fẹ́ kó wọlé. Ọmọ yìí ò kàn fẹ́ sọ ọ́ síta ni. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mo ka orí wọn láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, fìlà àti gèlè ìborí. Mọ́kànlá. Bí méje péré nínú wọn bá ti kọ ọ́ sí ibi tí mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí, Jarlath ni wọn ì bá yọ.

"Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"Ẹ ṣe é dáadáa, Bid," mo ní. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi dé ìlú.

N kò sọ fún Sonny. Ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kẹfà

Mo ti kó gbogbo àwòrán kúrò lára òpó. Mo to tèmi lé tìrẹ nínú àká.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹfà

Jarlath wá sílé. Kò tíì wọ ibí rí. Ó rí ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dúró, ó yọ fìlà. Mo po tíì.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínlógún," ó wí nígbà tó yá. "Mi ò lè máa lọ tọ̀ mọ́."

"Àwọn ará òdì kejì odò ńkọ́?"

"Wọ́n á bó mi láàyè." Ó wo ife rẹ̀. "Fintan máa ń jáde bá mi lẹ́yìn ìbò yẹn, a máa jọ fọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa nínú ilé ìtọ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn na aṣọ ìnuwọ́ sí mi."

N kò mọ ìyẹn. Mo bá a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó tì mí títí ẹkún mi fi rọlẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ó béèrè ta ni yóò máa pe àwọn arúgbó báyìí, ṣé kí káńsù wá akọ̀wé kan fún un. Mo ní ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì máa wà.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹfà

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ará ìlú lẹ́yìn, Sonny lápá ọ̀tún mi. Ara mi tutù bí ẹja. Àga rẹ wà níbẹ̀, ìyàwó dókítà ti gbé báàgì lé e.

Nígbà tí akọ̀wé pe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, Jarlath dìde. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Máa sáré lọ, Jarlath, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí." Sonny di ọwọ́ mi mú, ó le ju bó ṣe mọ̀ lọ.

Jarlath bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ó jókòó padà. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nàwọ́, ó na tiẹ̀, kò wo ibì kankan. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìbò kan la fi borí.

Àwọn ará òdì kejì odò ti ń kígbe mọ́ ọn níta kí n tó dé ibi ọkọ̀. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo na áńkáṣífì sí i.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún báyìí. Òjò ti dá. Mo ti gbé fóònù síwájú mi àti ìwé pélébé rẹ, orúkọ mọ́kànlá, Bid ló gbẹ̀yìn nítorí ó máa ń pẹ́ lórí fóònù. Mo ti sọ fún Jarlath pé kí káńsù má wulẹ̀ wá akọ̀wé. Èmi ni yóò máa pè wọ́n, Fintan, ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀.